Ẹ Má Fi Abísínwín Pamọ́ Fún Ọmọ Yín

Ẹ̀yin ìyá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣé abísínwín ti ṣe yín rí, àbí ó ṣe ìyá yín? Ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ yín bá bímọ tí nǹkan dàrú, kẹ́ ẹ tó sọ pé, “Ó ṣe èmi náà rí.” Kì í ṣe èpè, àìsàn tó lè rìn nínú ẹbí ni. Ìyá 1 tàbí 2 nínú 1,000 ló ń mú, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́. Ẹ tètè sọ fún nọ́ọ̀sì nígbà oyún. Bí abiyamọ kò bá rí oorun sùn, tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Láti 1954 ni wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ní Arò, Abẹ́òkúta. Ó gbóògùn.