Koríko Ìdèrè Kò Tọ́ sí Iná

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin alákọ̀wé ìlú wa,

Li ọdún 2019, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fọwọ́ sí òfin tí ó ka dída màlúù jẹ̀ káàkiri léèwọ̀. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n màlúù kì í jẹ òfin. Li oṣù kẹfà ọdún 2021, ẹ̀mí ṣòfò ní Ìgángán, nínú ilẹ̀ Ìbàràpá wa yìí kan náà, níbi tí aáwọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran ti ń jó lábẹ́lẹ̀ tipẹ́.

Bí a bá fẹ́ kí ẹran dúró lójú kan, ó yẹ kí oúnjẹ bá a níbẹ̀. Ní ìgbà òjò, koríko a hù ní àyíká Ìdèrè títí yóò fi ga ju ènìyàn lọ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a ó kiná bọ̀ ọ́. Ohun tí ìbá bọ́ màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ a di eérú.

Àwọn kan wí pé iṣẹ́ olówó ńlá ni sísá koríko pamọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá wa ti ń sá láfún lórí àpáta kí a tó bí wa. Wọ́n mọ̀ pé oòrùn nìkan kò tó, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rí àyè kọjá. Koríko tí a bá kó jọ ní tútù yóò bu, yóò sì gbóná débi pé ó lè gbiná fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Kílò 100 koríko tútù lè ní omi kílò 80 nínú. Kí ó tó ṣe é kó pamọ́, bí kílò 76 omi gbọ́dọ̀ kúrò. Bí a bá gé e nígbà tí ìrì ti gbẹ, tí a sì ń yí i nínú oòrùn títí yóò fi rọ dáadáa, bí 66 yóò ti lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Kìkì 10 ni ó kù fún afẹ́fẹ́ inú abà.

Abà náà kò ṣòro kọ́: òrùlé tí ó bo etí ògiri, ihò lára ògiri, àti pẹpẹ ọparun tí ó jìnnà sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè ti ìsàlẹ̀ gba àárín koríko gòkè. Fáànù li àwọn àgbẹ̀ Switzerland fi ń ṣe èyí. Bí àwa bá ra fáànù tí agbára oòrùn ń yí, ọ̀sán gangan ni kí ó máa ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ó kún fún ọ̀rinrin kì í mú nǹkan gbẹ. Àfi bí koríko bá ń gbóná, owó ni a ń fi ṣòfò bí a bá tàn án lóru.

Ẹ̀yin ìjòyè, ọwọ́ yín ni ilẹ̀ wà. Ẹ yọ pápá kan sọ́tọ̀, kí a kọ́ abà kan fún ìdánwò, kí a sì gé koríko kí ó tó so, nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ li oṣù kẹjọ. Kí àgbẹ̀ tà á, kí darandaran rà á. Nígbà náà, owó ni yóò máa kọjá láàrin wọn, kì í ṣe àdá.