"Pa Á, Tún Un Tàn" Kì Í Ṣe Àtúnṣe

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ kó fi pamọ́ di alẹ́. Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Gbogbo wa la mọ bí nǹkan ṣe rí ní Marietta níbí àti káàkiri Atlanta. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni àtẹ̀gùn tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gùn kúrò nídìí títọ́jú arúgbó lóru àti gbígbé páálí ní wáríháósì. Ó dáa bẹ́ẹ̀, èmi náà ń jẹun nídìí ẹ̀. Ohun tí mò ń bá jà ni irú ẹ̀kọ́ tí àwọn kan nínú wa ń tà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí Zoom, ní alẹ́ Sátidé. Wọ́n á kó kọ́máǹdì fún yín kí ẹ há a sórí, wọ́n á kọ́ yín ní ohun tí ẹ máa sọ níbi íńtáfíù, ó parí, ẹ ti di system administrator nìyẹn. Bí server bá dákẹ́ ńkọ́? Restart. Bí kọ̀ǹpútà ọ̀gá bá ń falẹ̀? Restart. Bí ìyẹn ò bá gbà, ẹ fọ Windows dànù, kí ẹ tún òmíràn fi síbẹ̀. Wọ́n á tún rẹ́rìn-ín sí i pé ìgbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni restart máa ń yanjú ẹ̀.

Ìgbà kẹwàá yẹn ni wọ́n fi ń lé èèyàn níṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mò ń sọ hàn yín. Server Linux kan kọ̀, kò gba nǹkan sílẹ̀ mọ́, ó ń pariwo "No space left on device". Ẹ tẹ df -h, lóòótọ́ disk ti kún dẹ́nu. Ẹ wá fi du wọn àwọn fódà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ rò ó pọ̀, kò tó ìdajì ohun tí df sọ. Níbo ni ìyókù wà? Ẹnì kan ló pa fáìlì log ńlá kan rẹ́ lánàá, ṣùgbọ́n ètò tó ń kọ̀wé sínú fáìlì náà kò tíì jọ̀wọ́ ẹ̀. Orúkọ ti kúrò nínú fódà, ẹrù ò kúrò lórí disk. Ó dà bí ayálégbé tí lánlọ́ọ̀dù ti pa orúkọ ẹ̀ rẹ́ nínú ìwé, tí òun fúnra ẹ̀ ṣì ń sùn sí yàrá. Ẹ tẹ lsof +L1, á dárúkọ ètò tó dì í mú fún yín. Ẹ tún ètò kan ṣoṣo yẹn bẹ̀rẹ̀, àyè á padà.

Ẹni tó bá restart odindi server ńkọ́? Àyè á padà fún òun náà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn wà. Á lọ sùn, á rò pé òun ti tún un ṣe. Ohun tó ń mú kí log yẹn wú kò yí padà, nítorí náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ní agogo méjì òru, disk á tún kún. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa lápálàpá. (Bí df -h bá sì ní àyè ṣì pọ̀, tí server ṣì ń pariwo pé kò sí àyè, ẹ tẹ df -i. Fáìlì kéékèèké tó tó mílíọ̀nù lè ti gba gbogbo ojú ìlà tí disk fi ń kọ orúkọ fáìlì sílẹ̀. Restart kò lè fi ẹyọ kan kún un.)

Èyí tó dùn mí jù ni pé restart máa ń pa ẹ̀rí rẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ Linux tó ń lo systemd, bí wọn ò bá ṣẹ̀dá fódà /var/log/journal sílẹ̀ fún journald, inú /run ló máa ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí, inú RAM sì ni /run wà. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn, gbogbo ohun tó rí kó tó kú ti di àwátì. Bí fódà yẹn bá wà, journalctl -b -1 á ka gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹ̀rọ tó kú fún yín. Mélòó nínú àwọn olùkọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ti sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni? Lórí Windows ńkọ́, wọ́n á ṣí Event Viewer, wọ́n á rí Kernel-Power 41, wọ́n á kígbe pé power supply ló bàjẹ́. Haba! 41 kàn ń sọ pé ẹ̀rọ kú láìdágbére ni. Kò sọ ohun tó pa á. 1074 ló ń sọ ẹni tàbí ètò tó ní kí ẹ̀rọ pa ara ẹ̀. Bí ẹ ò bá rí 1074, ẹ̀yìn 41 ni kí ẹ lọ, ẹ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ṣáájú ẹ̀.

Àbúrò wa kan wà tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ níléeṣẹ́ kan. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà. Database há lóru, ó ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì, ó restart ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàrin wákàtí kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Kò ní ìdáhùn. Log tí ì bá gbè é lẹ́sẹ̀ ti bá RAM lọ. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù lórí ẹ̀rọ yẹn ni pé òun ló pa á, tó tún un tàn lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo ẹ̀bi sì bọ́ sí i lọ́rùn. Ẹ sì mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń lo H-1B: bí iṣẹ́ bá ti bọ́, kò ju 60 ọjọ́ lọ kó fi wá òmíràn, kó yí ìwé ẹ̀ padà, tàbí kó palẹ̀ ẹrù mọ́. Ìyàwó wà níbẹ̀, ọmọ ti wọ iléèwé. Torí kọ́máǹdì kan ṣoṣo tí wọ́n ní kó há sórí.

Mo ti mọ ohun tí wọ́n máa fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní, "Ìwọ Dókítà tí ò tíì gboyè, ṣebí Microsoft fúnra wọn ló ní ká máa restart lọ́dún 2024?" Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká tú u wò, torí àwa ará Atlanta wà lára àwọn tó jìyà ẹ̀ jù.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 2024, nígbà tí agogo méjìlá òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án níbí, iléeṣẹ́ CrowdStrike fi fáìlì tuntun kan ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀rọ Windows tó ń lo ẹ̀ṣọ́ wọn. Fáìlì náà lábùkù. Inú kernel, ní àárín gbùngbùn Windows, ni ẹ̀ṣọ́ yẹn ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà bó ṣe kọsẹ̀, odindi ẹ̀rọ ló ṣubú, ojú búlúù. Ìṣẹ́jú 78 lẹ́yìn náà ni wọ́n fa fáìlì yẹn sẹ́yìn, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí Microsoft ṣe ṣírò ẹ̀, nǹkan bí ẹ̀rọ mílíọ̀nù 8.5 ló ti kó o.

Kí ni restart wá ṣe níbẹ̀? Eré ìje ni. Bí ẹ̀rọ bá ń tàn padà, ó ṣeé ṣe kí íntánẹ́ẹ̀tì tètè dé, kí fáìlì tí wọ́n ti tún ṣe wọlé kí ẹ̀ṣọ́ náà tó ka èyí tó bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí Microsoft fi sọ fún àwọn tó ní ẹ̀rọ lórí Azure pé àwọn kan tún un tàn tó ìgbà 15 kó tó bọ́ sí i. Ẹ̀rọ tí kò bá borí nínú eré yẹn, kódà bí ẹ tún un tàn ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, ibi tó wà náà ló máa wà. Ẹ gbọ́dọ̀ wọ Safe Mode, kí ẹ lọ sí C:\Windows\System32\drivers\CrowdStrike, kí ẹ pa fáìlì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C-00000291 tó sì parí sí .sys rẹ́. Bí BitLocker bá ti disk pa, nọ́ńbà 48 lẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tiẹ̀. Bí server tí ẹ kó àwọn nọ́ńbà yẹn pamọ́ sí bá wà lára àwọn tó ṣubú ńkọ́? Ẹni tó mọ ìdí tí restart fi lè ṣiṣẹ́ ló mọ ìgbà tó yẹ kóun jáwọ́ ńbẹ̀. Ẹni tó há a sórí á ṣì máa tẹ bọ́tìnì.

Ẹ wá wo Delta, tí oríléeṣẹ́ wọn wà ní Atlanta níbí. Ìrìn-àjò bíi 7,000 ni wọ́n fagilé láàrin ọjọ́ márùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ sun orí ilẹ̀ ní Hartsfield-Jackson, ẹ ò ní gbàgbé. Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú mìíràn ti gbéra, Delta ṣì wà nílẹ̀. Ṣé ẹ̀rọ ò tàn ni? Ó tàn o. Ètò tí wọ́n fi ń mọ ibi tí awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà ni kò lè lé iṣẹ́ tó ti kó jọ bá. Ọ̀gá àgbà wọn, Ed Bastian, ní ọ̀rọ̀ yẹn ná àwọn ní 500 mílíọ̀nù dọ́là. Iná ń tàn lára ẹ̀rọ, iṣẹ́ ò padà. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, kò sì sí ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa bẹ́ẹ̀.

Babaláwo tó bá ń yan ẹbọ kó tó dá Ifá, ṣé ẹ máa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀? Kí ló wá dé tí ẹ ń sanwó fún ẹni tó ń kọ́ yín ní irú ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà?

Ìbéèrè ló yẹ kó ṣáájú. Àkọ́kọ́: ṣé ohun tó ń ṣe Àbóyadé ló ń ṣe gbogbo ọlọ́ya? Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2021, WhatsApp, Facebook àti Instagram lọ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Kọ́máǹdì kan tí wọ́n fi ń tún nẹ́tíwọ̀kì ṣe ní Facebook ló já ibùdó dátà wọn kúrò lára ara wọn, DNS wọn sì pòórá lójú íntánẹ́ẹ̀tì. Mo mọ iye nínú wa tó yọ WhatsApp kúrò lórí fóònù lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báǹkì ní Nàìjíríà ò lọ, ẹnì kan sì wà ní Lékí tó ń pa router ẹ̀, tó ń tún un tàn. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó jókòó tì yín. Ìṣẹ́jú kan péré ni.

Ìkejì: kí ló yí padà? Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá àwọn ọ̀gá wí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti di manager. Àwọn àbúrò ń purọ́ fún yín. Ẹ bi wọ́n, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan." Wọ́n fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń na ọmọ tó bá jẹ́wọ́ pé òun fọ́ àwo ni gbogbo wa ti jáde wá, ẹ sì ti gbé pàṣán náà wá sí Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní 2017, òṣìṣẹ́ GitLab kan pa database rẹ́ lórí server tí kì í ṣe èyí tó ní lọ́kàn. Nǹkan bíi 300GB, 4.5GB ló kù. Wọ́n lọ wo backup: èyí tó yẹ kó máa lọ lójoojúmọ́ ti ń kùnà láìfọhùn, torí ẹ̀yà pg_dump tó ń ṣe é kò bá ti database mu. Ìméèlì tó yẹ kó kìlọ̀ fún wọn ò wọlé. Ẹ̀dà kan tí ẹnì kan fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló kó wọn yọ. Wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ síta fún aráyé kà, wọn ò lé ọmọ náà. Torí pé ẹnu ẹ̀ yá ni wọ́n fi mọ ibi tí ihò wà.

Ẹ sì rántí ìlú Atlanta fúnra ẹ̀, ọjọ́ 22 oṣù Kẹta 2018, nígbà tí àwọn olè ti fáìlì ìjọba ìlú pa, tí wọ́n ní kí wọ́n san bitcoin tó tó 51,000 dọ́là. Fídíò inú ọkọ̀ ọlọ́pàá ọ̀pọ̀ ọdún ṣègbé síbẹ̀. Backup tí ẹ ò bá tíì gbìyànjú láti dá padà, ẹ má pè é ní backup.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún kọ̀ǹpútà bàbá yín ní Ìbàdàn ṣe lórí WhatsApp, tiyín náà wà níbẹ̀. Bàbá ní gbogbo wẹ́ẹ̀bù ló ń sọ pé kò séwu... rárá, pé ewu wà. Ọmọ àdúgbò gbowó, ó fọ Windows, fọ́tò ìgbéyàwó yín bá a lọ. Ọjọ́ kejì, ewu tún dé. Ṣé ẹ ti ní kí bàbá ka déètì tó wà nísàlẹ̀ kọ̀ǹpútà síta? Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà lára board, CR2032, òun ló ń bá kọ̀ǹpútà rántí aago nígbà tí iná bá lọ. Bó bá kú, tí NEPA sì mú iná lọ, kọ̀ǹpútà á jí sí ọdún tó ti kọjá tipẹ́, ìwé ẹ̀rí gbogbo wẹ́ẹ̀bù á sì dà bí ayédèrú lójú ẹ̀. Ní ọ́fíìsì ńkọ́, bí aago kọ̀ǹpútà bá fi ju ìṣẹ́jú márùn-ún yàtọ̀ sí ti domain, Kerberos lè tì í síta. Ẹ wo aago kí ẹ tó fọ nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìjà mi pẹ̀lú yín ò le. Ẹ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Ẹ di disk ẹ̀, ẹ yí aago ẹ̀ padà, ẹ kọ DNS tí kò sí sí i. Kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rí àti gbogbo ohun tí wọ́n bá fọwọ́ kàn sínú ìwé, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹni tó bá restart ti fìdí rẹmi. Bí ẹ̀yin fúnra yín ò bá lè tún ẹ̀rọ yẹn ṣe lójú wọn, ẹ dá owó wọn padà.