Ìrìn Ọjọ́ Mẹ́ta fún Ẹ̀yin Òṣìṣẹ́ Tí Kò Ráyè

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí ẹ ń jí ní agogo márùn-ún òwúrọ̀, tí ẹ kì í délé títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí, nítorí ọ̀kan nínú yín ni èmi náà.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìbàdàn. Nígbàkígbà tí mo bá ní kó sinmi, èsì rẹ̀ ni pé, "Ó di ìgbà tí mo bá fẹ̀yìntì." Ó ku ọdún mẹ́rin kó fẹ̀yìntì nígbà tí àrùn ẹ̀gbà kọlù ú lórí àga iṣẹ́. Kò kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè gbé ṣíbí mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ náà ni mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi wò, wọ́n sì bá a ní 160 lórí 100. Ẹ̀rù bà mí. Dókítà fún mi lóògùn, ó ní kí n dín iyọ̀ kù, ó sì ní kí n máa rìn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù méjìlá ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀. Kí la ń fi í ṣe? Ìnáwó òkú, ìgbéyàwó, àti oorun níwájú tẹlifíṣọ̀n. Èrò tèmi ni pé kí á yọ ọjọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀, tàbí kí á lo ìsinmi Àjíǹde láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Ajé, kí á gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, kí á fi ẹsẹ̀ rin láti ìlú kan dé òmíràn.

Ìlú mi Ìrèé ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ rìn dé Ìlá Ọ̀ràngún, kí n sì parí rẹ̀ ní Òkè-Ìlá, níbi tí omi Àyìkúnugbá ti ń dà láti orí àpáta. Ìyàwó mi wo àpò náà, ó ní, "Bàbá Bọ́lá, ṣé alárù lẹ wá fẹ́ dà ni?" Ìyá mi tilẹ̀ lé e lórí. Ó ní, "Ohun tí àwa ń bẹ Ọlọ́run pé kó gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ lo wá ń wá kiri yìí?"

N kò bá ìyá jiyàn. Àwọn tó ru ẹrù lórí lọ sí ọjà kò rìn nítorí ìgbádùn. Omi tí wọ́n mu lójú ọ̀nà ló fún ọ̀pọ̀ ní sòbìà. Nígbà tí a ka àwọn alárùn sòbìà ní Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988, wọ́n lé ní 600,000. Ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó jẹ́rìí pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Nítorí náà, n kò sọ pé kí á padà sí ayé àtijọ́. Ẹsẹ̀ wọn ni kí á yá, kí á fi omi wọn sílẹ̀.

Ìrìn àkọ́kọ́ mi dójú tì mí. Bàtà tuntun ni mo wọ̀, àpò mi sì wúwo bí ẹni tó ń kó lọ sílé ọkọ. Kó tó di ọ̀sán, ẹsẹ̀ mi ti lé ròrò, ọ̀kadà ló gbé mi padà sílé. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìrìn ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ni oògùn gan-an. Ìmúrasílẹ̀ fún un ni oògùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú ara gbóná. Ẹni tó ti dá ọjọ́ ìrìn kò ní ṣàì rìn ní ọ̀sẹ̀ méjìlá tó ṣáájú rẹ̀. Èmi rìn wọ̀nyẹn, mo sì dé Òkè-Ìlá nígbà kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn yìí.

Èkíní, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà ara yín wò kí ẹ tó gbéra. Ẹni tó ń lo oògùn kò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀ sílé.

Èkejì, bàtà tí ẹsẹ̀ ti mọ̀ ni kí ẹ wọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Ẹrù kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara yín lọ. Tèmi kì í ju kílò mẹ́jọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbéra ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, kí ẹ sinmi kí oòrùn tó mú. Omi sísè ni kí ẹ mu. Ẹmu kì í ṣe omi.

Ẹ̀kẹrin, bí inú bá ń ṣu, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí kò kún kọjá etí, àti ìlàjì ṣíbí iyọ̀, mọ́ omi mímọ́ lítà kan, kí ẹ máa mu ún.

Ẹ̀karùn-ún, bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má ṣe sín ojú rẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má sì fi okùn dè é pinpin. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà wà lójú kan, kí ẹ yára gbé e lọ sí ọsibítù.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Àwọn ajínigbé ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá rìn, ẹ má sì rìn lóru. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú bí ọ̀nà ti rí, ẹ mú ọmọ ìlú dání, kí ilé sì mọ ibi tí ẹ máa sùn. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà kò dára, ẹ padà. Ìpadà kì í ṣe ìtìjú.

Nígbà tí mo dé láti Òkè-Ìlá, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó wo bàtà mi tó ti pọ́n fún erùpẹ̀, ó dákẹ́ títí, ó ní, "Ìwọ ò dúró de ìgbà tí wàá fẹ̀yìntì." N kò rí èsì fún un. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín ṣì ń gbé yín, ẹ má dúró.

Ire o. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.