Kí Wọ́n Yẹ Ìtọ̀ Awakọ̀ Tírélà Tuntun Wò Kó Tó Gba Láísẹ́ǹsì

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè má dùn létí àwọn kan, pàápàá àwa tí à ń kó ẹrù. Ẹ ṣáà fara balẹ̀ kà á tán.

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kan àyẹ̀wò oògùn olóró fún awakọ̀ tírélà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gba láísẹ́ǹsì, èsì mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́ láàárín wa. Àkọ́kọ́, pé ìyà ni wọ́n fẹ́ fi jẹ tálákà. Ìkejì, pé àwọn agbófinró fẹ́ rí ọ̀nà tuntun gba rìbá ni. Ìkẹta, èyí tí wọ́n máa ń rọra sọ, pé àwọn Màálàmù ló ń lo Tramol, kò kan ọmọ Yorùbá. Mo fẹ́ dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi ní tèmi, mo gbà pé kí wọ́n yẹ ìtọ̀ gbogbo awakọ̀ tírélà àti tánkà tuntun wò. Mo sì gbà pé àwa oníṣòwò ló yẹ ká kọ́kọ́ pariwo pé kí wọ́n ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkẹta, nítorí òun ló ń bí mi nínú jù. Àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú àjọ UNODC ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà, ìwádìí tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018. Wọ́n rí i pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 èèyàn, láti ọmọ ọdún 15 dé 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ìyẹn ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wá gbọ́ o: Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn tí Kàdúná wà jẹ́ ìdá 12. Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, ìyẹn ilẹ̀ Yorùbá, jẹ́ ìdá 22.4. Kò sí agbègbè mìíràn ní Nàìjíríà tó ga tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń na ìka sí Màálàmù, kó rántí ilé bàbá tirẹ̀. Awakọ̀ tó ń gbé gààrí àti epo pupa bọ̀ láti ilé, tó fa igbó lẹ́yìn ọkọ̀ kó tó gbéra, ṣé Màálàmù lòun náà ni?

Ó kàn wá. Tí oṣù Kejìlá bá dé, gbogbo wa là ń kó ọmọ sínú bọ́ọ̀sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ìwó. Ẹni tó gba Birnin Gwari àti Tegina lọ sí Mokwa àti Jẹ́bà, tírélà ló ń bá pàdé. Ẹni tó sá fún àwọn ajínigbé, tó gba Abuja àti Lọ́kọ́ja, tírélà náà ni. Ọ̀nà kan náà ni èèyàn àti ẹrù ń gbà.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ awakọ̀ tuntun? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń di awakọ̀. Ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọkọ̀, á máa fi igi dí táyà, á máa so tapólì, á máa sùn lábẹ́ ọkọ̀ ní Tafa tàbí ní Mararaban Jos. Ọ̀gá rẹ̀ ló ń kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, ọ̀gá kan náà ló sì ń rán an lọ ra kóró oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri rẹ̀. Bó bá rẹ ọ̀gá lóru, á ní, "Gbà, wà á díẹ̀." Ọmọ tí oorun ti kún ojú rẹ̀, kí ló máa gbé mì? Ohun tó rí lọ́wọ́ ọ̀gá ni. Kó tó dé ìdí láísẹ́ǹsì, iṣẹ́ méjì ló ti kọ́: ọkọ̀ wíwà àti oògùn gbígbé mì. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ọjọ́ tó wá gba láísẹ́ǹsì yẹn ni ọjọ́ tí apá ìjọba ṣì ká a.

Àwọn kan á ní Tramol kì í ṣe oògùn olóró, pé oògùn ara ríro ni, pé agbára ló ń fúnni. Òótọ́ ni pé oògùn ara ríro ni. Dókítà lè kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Èyí tí NAFDAC fọwọ́ sí ni 50 mílígíráàmù àti 100. Èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ fún awakọ̀ ń jẹ́ 225, òmíì tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í mú àárẹ̀ kúrò lára, ńṣe ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Oorun ṣì wà níbẹ̀, awakọ̀ ni kò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Bó bá sì pọ̀ jù lára, ó lè mú kí gìrì gbé èèyàn lójijì. Ẹ fojú inú wo ẹni tí gìrì gbé lórí afárá Jẹ́bà, tírélà oní-símẹ́ńtì lọ́wọ́ rẹ̀. Ti oògùn ikọ́ oní-kodíìnì ńkọ́? Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ti ka ṣíṣe é àti kíkó o wọlé léèwọ̀. Òfin tó dáa ni, ṣùgbọ́n òfin tó ti ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ kò lè mọ ohun tó wà nínú awakọ̀.

Kí wá ni à ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wakọ̀? Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀, àyẹ̀wò àwọn VIO, àwòrán àti ìtẹ̀ka ní ọ́fíìsì Road Safety. Gbogbo awakọ̀ tí mo ti bi léèrè ní Mando àti lójú bypass, kò sí ọ̀kan tó ní wọ́n gba ìtọ̀ òun. Ẹ tún wo ìwé owó ìtanràn Road Safety tí a mọ̀: ẹni tó wakọ̀ lẹ́yìn tó mu ọtí tàbí tó lo oògùn, ₦5,000. Ẹni tó kó ẹrù jù, ₦10,000. Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀ṣẹ̀ ẹrù tó pọ̀ jù wá wúwo ju ẹ̀ṣẹ̀ ọpọlọ tó dàrú lọ. Ẹni tó ń wa tírélà láti Kàdúná dé Èkó, ₦5,000 kì í ṣe ìyà fún un rárá.

Láti ọdún 2021 tí Buba Marwa ti di olórí NDLEA ló ti ń pariwo pé kí àyẹ̀wò oògùn olóró di ohun tí gbogbo èèyàn mọ́ra. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọmọ wa púpọ̀ ti ń wa tírélà, òfin rẹ̀ ti wà láti ọdún 1991. Awakọ̀ tuntun kò lè fọwọ́ kan ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ àfi bí ìtọ̀ rẹ̀ bá mọ́. Lẹ́yìn tó bá wọlé tán, wọ́n lè pè é nígbàkigbà láìsọ tẹ́lẹ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2020, àkọsílẹ̀ kan wà tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, kí ẹni tó kùnà níbì kan má baà sá lọ gba iṣẹ́ níbòmíì. Wọn kì í sì í lé e dànù títí láé. Á gba ìtọ́jú, á tún àyẹ̀wò ṣe, wọ́n á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lójijì, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ọdún àkọ́kọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n mi ò ní ká kàn gbé ti Amẹ́ríkà wá bó ṣe wà. Àyẹ̀wò tiwọn ń wá igbó, kokéènì, amphetamine, PCP, àti àwọn oògùn bíi kodíìnì àti heroin. Tramadol kò sí níbẹ̀. Èyí tó ń wá kodíìnì kì í sì í sábà rí Tramadol, àfi kí wọ́n lo tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ irú àyẹ̀wò yẹn nìkan la rà wá sí Kàdúná, gbogbo ẹni tó ń gbé Tramol mì á yege, àwa á sì máa yọ̀ pé awakọ̀ wa mọ́. Ohun kejì ni pé Tramadol kì í pẹ́ nínú ìtọ̀, nǹkan bí ọjọ́ méjì sí mẹ́rin ni. Bí ẹ bá sọ fún awakọ̀ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àyẹ̀wò, á jáwọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, á yege, á padà sídìí rẹ̀. Nítorí náà, àyẹ̀wò ọjọ́ láísẹ́ǹsì nìkan kò tó. Kí wọ́n tún máa pè é lójijì láàárín ọdún àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní rìbá ni yóò dá sílẹ̀, mi ò bá yín jiyàn. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbọdọ̀ jẹ́ ojú ọ̀nà ni wọ́n ti máa ṣe é. Ilé ìwòsàn ìjọba ni kí wọ́n ti ṣe é. Kí wọ́n pín ìtọ̀ náà sí ìgò méjì, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa níṣojú awakọ̀. Bí ti àkọ́kọ́ bá mú ẹ̀sùn wá, kó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n lọ yẹ ìkejì wò níbòmíì. Ẹni tí dókítà kọ oògùn fún, kó mú ìwé rẹ̀ wá. Bó bá jẹ́ nítorí ẹ̀rù rìbá ni ká má ṣe òfin, ká kúkú fagi lé láísẹ́ǹsì fúnra rẹ̀, àbí?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyà tálákà ni, mo bi yín: ta ló wà nínú bọ́ọ̀sì tí tírélà ń rún mọ́lẹ̀? Ta ló ń jókòó sórí àpò ẹrù lẹ́yìn tírélà torí owó bọ́ọ̀sì kò tó? Tálákà náà ni. Owó àyẹ̀wò, kí olówó ọkọ̀ san án, kì í ṣe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kùnà, ká má sọ ọ́ nù. Federal Neuro-Psychiatric Hospital wà ní Barnawa níbí, wọ́n ń tọ́jú ẹni tí oògùn olóró ti dè mọ́lẹ̀. Kó lọ síbẹ̀, kó padà wá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó dun àwa oníṣòwò jù. Ẹni tó ń kiri oògùn ló ń tà á, ṣùgbọ́n ta ló ń mú kí awakọ̀ rà á? Tòmátì tó kúrò ní Kàdúná, a fẹ́ kó dé Mile 12 kó tó rọ̀. Ó lé ní 700 kìlómítà, ọ̀nà ti bàjẹ́, awakọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ. Àwọn kan nínú wa á máa pè é ní aago méjì òru, "Níbo lo dé?" Bó bá ní òun fẹ́ sùn ní Jẹ́bà, wọ́n á ní kó má gbé ẹrù àwọn mọ́ láé. Ní Amẹ́ríkà tí à ń sọ, bí awakọ̀ bá ti wakọ̀ fún wákàtí 11, dandan ni kó sinmi wákàtí 10. Àyẹ̀wò tí kò bá sí ìsinmi níbẹ̀, ọgbọ́n ẹ̀tàn ni. Ẹni tó ń ti ọmọ sínú iná kò lẹ́nu láti bi í pé kí ló jó o.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa gbé lọ bá Road Safety, NDLEA àti àwọn olórí awakọ̀ nìyí:

1. Àyẹ̀wò ìtọ̀ fún gbogbo awakọ̀ tírélà àti tánkà tuntun, Tramadol gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀.
2. Àyẹ̀wò òjijì láàárín ọdún àkọ́kọ́.
3. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n ti ṣe é, kí olówó ọkọ̀ sanwó rẹ̀.
4. Ìtọ́jú fún ẹni tó kùnà, àti àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ìpínlẹ̀.

Ìkarùn-ún wà lọ́wọ́ wa, kò nílò ìjọba: láti oṣù tó ń bọ̀, ká má gbé ẹrù fún tírélà tí kò ní awakọ̀ méjì bí ọ̀nà bá jìn. Ká san owó tó yẹ kún un. Owó yẹn kéré sí owó òkú.

A máa ń gbàdúrà pé ká má rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà. Àmín o. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kọ́ ló ń gbé kóró mì.