Aṣọ́lé Ni Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Mú

Lẹ́yìn tí Nàìjíríà na Benin ní 4-0 nílùú Uyo lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọkùnrin kan ní Sakété, ní ẹkùn Plateau nílẹ̀ Benin, sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kí wọ́n gbójú fò. Ọkùnrin náà máa ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ fún ìdíje bọ́ọ̀lù nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, àwọn òbí sì fọkàn tán an. Victor Osimhen ló gbá mẹ́ta nínú gọ́ọ̀lù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọjọ́ náà. Ohun tí ọkùnrin yìí rí kọ́ nínú ìyà yẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ kó ikọ̀ jọ, agbábọ́ọ̀lù iwájú ni kó kọ́kọ́ mú. Ó ní ti aṣọ́lé kò le rárá, pé tí wọ́n bá ti yan àwọn yòókù tán, èyíkéyìí tó bá ṣẹ́kù lè dúró sójú ilé.

Irọ́ ni. Aṣọ́lé ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú.

Ẹni tó bá ti wo bí àwọn ọmọ ṣe ń pín ara wọn sí ikọ̀ méjì ní Pobè tàbí Sakété yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dunni. Ọmọ méjì á jáde síwájú, àwọn yòókù á tò, èyí á mú ọ̀kan, èkejì náà á mú ọ̀kan. Ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù dárà ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè, lẹ́yìn náà ẹni tó lẹ́sẹ̀ eré, lẹ́yìn náà ọ̀rẹ́ ẹni tó ń yàn. Ìgbà tó bá ku ọmọ kan ṣoṣo, èyí tó kéré jù tàbí tí kò ní bàtà, ni wọ́n á nawọ́ sí ojú ilé fún un. Kò sí ìbọ̀wọ́. Ọmọ náà á ki ọwọ́ bọ ìbọ̀sẹ̀, á lọ dúró láàrin igi méjì tí kò ní àwọ̀n, lórí ilẹ̀ pupa tó jẹ́ pé bó bá fò ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré, ìgbúnwọ́ rẹ̀ á bó. Bó bá mú bọ́ọ̀lù, wọ́n á ní kó tètè jù ú síwájú. Bí bọ́ọ̀lù bá kọjá lára rẹ̀, èébú ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì ń pín ẹ̀bùn, ẹni tó gbá gọ́ọ̀lù jù ni wọ́n á kọ́kọ́ pè jáde, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un dáadáa.

Bí ọmọ bá ti wo èyí lẹ́ẹ̀mejì, kò ní gbà láti dúró sójú ilé mọ́. Lẹ́yìn náà ni irú ọkùnrin yẹn á wá máa sọ pé kò sí aṣọ́lé gidi ní gbogbo Plateau. Ibo ni yóò ti rí i, nígbà tó jẹ́ pé àjẹkù ló ń wá síbẹ̀?

Ìtàn Benin fúnra rẹ̀ ti dá ẹjọ́ yìí. Ní ọdún 2004, 2008 àti 2010, Benin lọ síbi ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n gbá. Nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, wọ́n fìdí rẹmi nínú mẹ́jọ, wọ́n sì ta ọ̀mì ẹyọ kan, 2-2 pẹ̀lú Mòsáńbíìkì. Kì í ṣe pé kò sí agbábọ́ọ̀lù iwájú nígbà yẹn o. Razak Omotoyossi wà níbẹ̀ ní 2008 àti 2010, ọ̀kan lára àwọn tó gbá gọ́ọ̀lù jù fún Benin láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé. Stéphane Sessègnon náà wà níbẹ̀, ẹni tí Paris Saint-Germain rà. Gọ́ọ̀lù 20 ló wọ ilé Benin nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án náà, gọ́ọ̀lù 4 ni wọ́n rí gbá wọ ilé ẹlòmíràn.

Ó wá di ọdún 2019, ní Íjíbítì, lábẹ́ Michel Dussuyer. Benin ta ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú Gánà, Mickaël Poté ló gbá méjèèjì. Wọ́n ta 0-0 pẹ̀lú Gínì-Bìsáò. Wọ́n ta 0-0 pẹ̀lú Kamẹrúùnù, tí ife náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Lọ́jọ́ 5 oṣù keje, wọ́n pàdé Mòrókò, Mòrókò tí gbogbo ayé ń sọ pé ó lè gba ife. Ẹlẹ́yìn ni Moïse Adilehou tó gbá ti Benin wọlé. En-Nesyri dá a padà, ó di 1-1. Nígbà tó kan pẹ́náritì, Saturnin Allagbé, ẹni tí Owolabi wà lára orúkọ rẹ̀, ló dúró sójú ilé. Ó gba ti En-Nesyri dúró. Benin borí ní 4-1. Ìpele tó kàn ni Sẹ̀nẹ̀gà ti yọ wọ́n pẹ̀lú gọ́ọ̀lù kan ṣoṣo.

Kí ọkùnrin Sakété yẹn ka iye rẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún, kò sí ìkankan tí wọ́n borí láàrin àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, gọ́ọ̀lù 3 péré ni wọ́n gbá, síbẹ̀ wọ́n wà lára àwọn mẹ́jọ tó dára jù ní gbogbo Áfíríkà. Lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú Gánà, kò sí agbábọ́ọ̀lù iwájú kankan tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún Benin títí wọ́n fi padà sílé. Gọ́ọ̀lù 4 ni wọ́n jẹ nínú márùn-ún, nígbà tó jẹ́ pé 20 ni wọ́n jẹ tẹ́lẹ̀ nínú mẹ́sàn-án. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ inú rẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé òpó ló gba Benin là lọ́jọ́ náà, nítorí pé pẹ́náritì tí Hakim Ziyech gbá nígbà tí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ti pé lọ lu òpó. Ó lù ú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni Ziyech? Ọ̀kan lára àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù nínú ikọ̀ Mòrókò ni. Òun gan-an ni irú ẹni tí àwọn ọmọlẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mú, ẹni tí wọ́n ní ó máa ń parí iṣẹ́. Kò parí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Allagbé parí tirẹ̀.

Ẹ̀yìn Osimhen ni wọ́n ń sá lọ nígbà tí èyí bá kà wọ́n láyà. Ó dáa, kí wọ́n tẹ̀ lé Osimhen kúrò ní Uyo, kí wọ́n wo ibi tó gúnlẹ̀ sí. Nínú ìsọ̀rí ìdíje àtiyege fún Ife Àgbáyé tí Osimhen àti Steve Mounié, agbábọ́ọ̀lù iwájú Benin, wà, ta ló gba ipò kìíní? Gúúsù Áfíríkà ni, pẹ̀lú àmì 18, nígbà tí Nàìjíríà àti Benin ní 17. Aṣọ́lé ni balógun ikọ̀ náà, Ronwen Williams, ẹni tó gba pẹ́náritì mẹ́rin dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo lára Cape Verde ní oṣù kejì ọdún 2024. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Nàìjíríà lọ sí Rabat lọ́jọ́ 16 oṣù kọkànlá 2025 láti bá Congo Kinshasa jà fún àǹfààní Ife Àgbáyé. Ìfarapa lé Osimhen jáde lẹ́yìn abala kìíní, 1-1 ni wọ́n wà. Nígbà tí àfikún àkókò fẹ́ parí tán, olùkọ́ Congo ṣe ohun tí ọkùnrin Sakété kò lè ronú kàn láéláé: ó yọ aṣọ́lé kan, ó fi aṣọ́lé mìíràn sí i, Timothy Fayulu, nítorí pẹ́náritì nìkan. Fayulu gba pẹ́náritì dúró, Congo borí ní 4-3, Nàìjíríà sì pàdánù Ife Àgbáyé. Ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ ní Uyo tó kọ̀ láti kọ́ ti Rabat, kò wá ẹ̀kọ́ rárá.

Rashidi Yekini ni wọ́n tún máa ń fà jáde, bí ẹni pé orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó láti pa ẹnu gbogbo ènìyàn mọ́. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni Yekini, kò sẹ́ni tó jiyàn rẹ̀. Òun ló gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà ní 1993, gọ́ọ̀lù márùn-ún ló sì gbá ní Tùnísíà ní 1994 nígbà tí Nàìjíríà gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n báwo ni Nàìjíríà ṣe kọjá Côte d'Ivoire ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ọdún yẹn? Pẹ́náritì ni, Peter Rufai sì ló wà nílé. Ní àṣekágbá, Emmanuel Amunike ló gbá gọ́ọ̀lù méjèèjì lára Sáńbíà. Àwọn tó ń pe Yekini lójoojúmọ́ kì í dárúkọ Rufai, Rufai tó jẹ́ ọmọ ọba Idimu, tó kú ní oṣù keje 2025. Ìwà yìí ti pẹ́ jù.

Ìwà kan náà ló wà lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ń pín àmì ẹ̀yẹ lágbàáyé, àwọn ni ọmọ Sakété sì ń wò kọ́ṣe. Láti 1963 tí wọ́n ti fún Lev Yashin ní Ballon d'Or, wọn kò fún aṣọ́lé kankan mọ́. Áfíríkà tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ nígbà kan: aṣọ́lé ni Thomas N'Kono tó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà ní 1979 àti 1982, Badou Zaki gbà ní 1986. Láti ọdún 1986 yẹn, òdo. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, FIFA sọ pé Édouard Mendy ni aṣọ́lé tó dára jù lágbàáyé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, wọ́n ka àwọn mọ́kànlá tó dára jù lágbàáyé, wọ́n sì fi Donnarumma sí ojú ilé. Ta ló lè ṣàlàyé ìyẹn? Ìrẹ́jẹ ni, àwọn tó mọ iyì aṣọ́lé kò sì gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀.

Mendy yìí kan náà wà lára àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ títí tí ẹni tó ń yàn fi yàn tán. Ní 2014, lẹ́yìn tó kúrò ní Cherbourg, kò sí ikọ̀ tó fẹ́ ẹ, ó sì wà láìníṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún kan. Ọdún méje lẹ́yìn náà ló gba Champions League pẹ̀lú Chelsea. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ó dúró sójú ilé fún Sẹ̀nẹ̀gà ní àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà nílùú Yaoundé. Sadio Mané wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, Mohamed Salah wà ní ìkejì, àwọn méjèèjì ló ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn ẹlẹ́yìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ọgọ́fà ìṣẹ́jú kọjá, 0-0 ni. Pẹ́náritì tí Mané gbá ní ìbẹ̀rẹ̀, Gabaski aṣọ́lé Íjíbítì gbá a dànù. Nígbà tó wá kan pẹ́náritì tó máa yanjú rẹ̀, Mendy gba ọ̀kan dúró, Mané gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé, ìdíje sì parí kí ó tó kan Salah rárá. Ó dúró, ó ń wò.

Àwọn tó ń sanwó wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Pobè kò nílò kí wọ́n rìn jìnnà. Ní sáà 2017 sí 2018, Salah gbá gọ́ọ̀lù 44 fún Liverpool. Wọ́n dé àṣekágbá Champions League ní Kyiv, àṣìṣe aṣọ́lé wọn lẹ́ẹ̀mejì sì fún Real Madrid ní ife, 3-1. Liverpool kò lọ wá agbábọ́ọ̀lù iwájú mìíràn tó máa gbá 44. Wọ́n kó owó ńlá lọ sí Roma, wọ́n ra Alisson Becker. Ọdún kejì, ife wá sílé. Àwọn tó sì ń sọ pé aṣọ́lé kì í gbá gọ́ọ̀lù, kí wọ́n bi West Brom ohun tí Alisson fi orí ṣe fún wọn lọ́jọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 2021, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí rẹfirí fun fèrè ìkẹyìn.

Iwájú lè gbá bọ́ọ̀lù dànù lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, kó gbá ìkẹwàá wọlé, kí wọ́n gbé e sọ́rùn yíká ìlú. Aṣọ́lé kò ní irú àyè yẹn. Bí iwájú bá ṣàárẹ̀, ẹni mẹ́ta mìíràn wà nínú ikọ̀ tó lè gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, Adilehou tó jẹ́ ẹlẹ́yìn ti fi hàn ní Íjíbítì. Bí aṣọ́lé kò bá dára, kò sí ẹlòmíràn tí òfin gbà láàyè láti fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù.

Nítorí náà, àwọn tó ń ṣètò ìdíje ìgbà ìsinmi ní Pobè àti Sakété lágbára láti tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Kí wọ́n pàṣẹ pé aṣọ́lé ni ẹni àkọ́kọ́ tí ọ̀gá ikọ̀ yóò pè. Kí wọ́n yọ nínú owó aṣọ eré àti ife, kí wọ́n fi ra ìbọ̀wọ́, méjì-méjì fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ̀bùn aṣọ́lé tó dára jù má kéré sí ti ẹni tó gbá gọ́ọ̀lù jù. Ìjọba Benin ti dá kíláàsì eré ìdárayá sílẹ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama káàkiri orílẹ̀-èdè. Nígbà tí àwọn tó ń yan ọmọ sí kíláàsì náà bá tún dé Plateau, òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, nígbà tí ara wọn ṣì le, ni kí wọ́n fi wo àwọn aṣọ́lé, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú sì dúró di ọ̀sán.