Ẹ Yéé Gé Ṣéènì Ọ̀kadà: Àtúnṣe Aláàbọ̀ Ló Ń Jẹ Owó Yín

Ọ̀rọ̀ tòní lè dun àwọn kan, pàápàá àwọn mẹkáníìkì wa, ṣùgbọ́n a máa sọ ọ́.

Ọ̀kadà tó ti ń lọ oko láti ọdún mẹ́jọ, ọdún mẹ́wàá, tó ti ru ẹ̀gẹ́, kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tòmátì títí, kò lè ṣàì gbó. Gbígbó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bá a ṣe ń tún un ṣe lẹ̀ṣẹ̀ wà. Ṣéènì á dẹ̀, mẹkáníìkì á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dààmú, ẹ jẹ́ n gé e kúrú díẹ̀." Á gé e, á so ó padà, ẹ ó san owó iṣẹ́, inú yín á sì dùn pé ẹ fowó pamọ́. Ẹ ò fowó pamọ́ rárá! Ẹ kàn sún gbèsè síwájú ni.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ṣéènì kì í nà bíi rọ́bà. Píìnì kékeré wà ní ojú kọ̀ọ̀kan, píìnì yẹn àti ihò tó ń yí nínú ẹ̀ ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ojú tó lé ní 100 ló wà lára ṣéènì kan. Tí gbogbo wọn bá ti jẹ díẹ̀, ṣéènì á gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Tẹ́ ẹ bá wá gé e, ó kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ojú tó kù ṣì jẹ síbẹ̀. Àlàfo àárín wọn ò bá eyín sprocket mu mọ́. Ṣéènì á máa gun eyín yẹn, á máa pọ́n ọn, títí táá fi mú ṣóńṣó, táá sì tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá burú jù nìyí: tí gígé ò bá ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n á ra ṣéènì tuntun, wọ́n á gbé e lé sprocket àtijọ́. Àgbẹ̀ wo ló ń ra ọkọ́ tuntun táá kì í bọ ẹ̀rúkọ́ tí ìkán ti jẹ? Láti ọjọ́ kìíní ni eyín tó ti tẹ̀ á ti máa jẹ ṣéènì tuntun yẹn. Kó tó pẹ́, ẹ ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ayédèrú wà lọ́jà o, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ojúlówó gan-an ò lè pẹ́ lórí eyín tó ti kú. Ṣéènì, sprocket iwájú, sprocket ẹ̀yìn: ẹ̀ẹ̀kan náà ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn kan á ní, "Owó dà?" Òótọ́ ni, ìlú le. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ra ṣéènì nìkan lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tó san owó iṣẹ́ ní gbogbo ìgbà yẹn, tó tún pàdánù ọjọ́ ọjà, ṣé òun ló fowó pamọ́? Ìgbà tí owó kòkó tàbí owó kajú bá wọlé ni kẹ́ ẹ ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ẹni tí owó ẹ̀ ò tó, kó dá àjọ fún un.

Àwọn mìíràn á ní, "Ọ̀kadà tó ti gbó, kí ni mo fẹ́ fi páàtì tuntun ṣe lára ẹ̀?" Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ tà á. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé òun náà lẹ ó gùn lọ sóko lọ́la, ó ṣì ń bọ́ yín. Kòkó tí bàbá yín gbìn, ṣé torí pé ó ti dàgbà lẹ ò ṣe ní ro ìdí ẹ̀? Ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá ń rú èéfín búlúù, epo ẹ́ńjìnnì ló ń jó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ inú ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó náwó síbòmíràn. Tí kò bá rú u, tó ṣì ń gbé ẹrù gun òkè, ó yẹ ní nínáwó lé.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ pé ṣéènì ti parí? Ẹ mú téépù. Lórí ṣéènì 428 tí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wa ń lò, ẹ fà á kó le, kẹ́ ẹ wọn ojú 20, láti àárín píìnì kìíní dé àárín píìnì kọkànlélógún. Tuntun á jẹ́ ínṣì 10 géérégé, ìyẹn sẹ̀ńtímítà 25.4. Tó bá ti di 25.9, ó ti lọ nìyẹn. Tí kò bá sí téépù, ẹ di ṣéènì mú níbi tó ti yí ẹ̀yìn pátápátá lára sprocket ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ fà á. Tẹ́ ẹ bá rí ìdajì eyín lábẹ́ ẹ̀, ẹ má gé e o, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Ẹ tún jọ̀ọ́, ẹ yéé da epo dúdú tí wọ́n fà jáde nínú ẹ́ńjìnnì sí ṣéènì. Èérún irin wà nínú ẹ̀. Tí yanrìn oko bá tún lẹ̀ mọ́ ọn, ó di òkúta ìpọ́nbẹ nìyẹn. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì, ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ fi gear oil 90 sí i.

Owó ni ṣéènì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Èèyàn ni bíréèkì ń jẹ. Ṣúù bíréèkì ti tán, wọ́n á ṣì máa fún nọ́ọ̀tì ẹ̀ títí tí kò fi ní ibi tó ń lọ mọ́, torí páàtì tí kò wọ́n! Ẹ ronú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ìdànrè tàbí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, àpò ẹ̀gẹ́ méjì lẹ́yìn, ìyá ọmọ lórí ẹ̀, kí irin máa ha irin nínú bíréèkì. Ṣé ohun tí à ń fi "ẹ jẹ́ ká máa lò ó bẹ́ẹ̀" ṣe nìyẹn?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tẹ́ ẹ̀ ń háyà ọ̀kadà, ẹ wo eyín sprocket ẹ̀yìn àti táyà kẹ́ ẹ tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì lé e. Tí eyín yẹn bá mú bí ẹ̀gún, ẹ wá òmíràn. Ṣéènì tó já lórí eré lè há, kó de táyà ẹ̀yìn gbagidi, ó sì lè fọ́ ilé ẹ́ńjìnnì. Ti tòmátì ṣì kéré níbẹ̀.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, a ò bá yín jà. Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́ fún oníbàárà, kódà tí kò bá fẹ́ gbọ́. Ẹni tí ò lówó, ẹ ní kó lọ tọ́jú owó, ẹ má bá a gé e.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ lọ gbé téépù lé ṣéènì yín lónìí, kẹ́ ẹ wá sọ iye tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ fún wa. Ọ̀nà á gbé wa dé o.