Ta Ló Rán Wa Wá Sáyé?



Ìbéèrè kan ti wọ ojúbọ wa: "Iṣẹ́ wo ni Elédùmarè rán mi wá ṣe?" Àwọn ọ̀dọ́ ń bi ọ̀pẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí tí ń gbé ìkókó wá fún àkọsẹ̀jayé náà ń bi í. Mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ni ó ti pa iṣẹ́ ọwọ́ wọn tì, tí wọ́n ń dúró de ìpè, tí wọ́n sì ka ayé wọn sí òfo nítorí pé ìpè kò dé?

Ọ̀dọ̀ àwọn oníwàásù ni a ti yá ìbéèrè yìí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ wa, àkúnlẹ̀yàn: yíyàn ni ó wà nínú rẹ̀, kò sí rírán. Àkúnlẹ̀gbà ńkọ́? Gbígbà ni, ẹni tí ó gba ìpín kò di ìránṣẹ́.

Afùwàpẹ́, Oríṣẹ̀ẹ́kú àti Oríléémèrè jọ ń lọ yan orí nílé Àjàlá. Afùwàpẹ́ nìkan ni ó yà kí baba rẹ̀, tí ó sì rúbọ. Ó bá oníbodè tí ń fi eérú se ọbẹ̀ dípò iyọ̀, ó fún un nínú iyọ̀ ẹbọ rẹ̀. Ó bá Àjàlá nínú gbèsè, ó bá a san án. Orí rere ni ó gbà. Kò sẹ́ni tí ó jẹ́ iṣẹ́ kankan fún un. Ilé, aya àti ọmọ ni orí náà fún un láyé.

Àwọn kan yóò ní ṣebí ayé lọjà, ta ní ń lọ sọ́jà láìnídìí? Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ló ń torí ohun ẹyọ kan lọ sọ́jà? A rà, a tà, a kí ojúlùmọ̀, a gbọ́ ìròyìn, a jẹ̀kọ.

Láti ara "wà" ni "ìwà" ti jáde. Wíwà ènìyàn àti ìhùwà rẹ̀, orúkọ kan náà ni èdè wa fún méjèèjì. Èmi kò gbà pé ayé gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ kan kí ó tó yẹ ní gbígbé. Àlá là ń túmọ̀.

Ẹ̀yin àgbà awo, bí òbí bá gbé ìkókó dé, ẹ sọ èèwọ̀ rẹ̀, ẹ sọ òrìṣà tí yóò máa bọ, ẹ ka ẹbọ. Bí Ifá bá sọ iṣẹ́ tí yóò bá orí ọmọ mu, ẹ sọ ọ́ bí ìmọ̀ràn, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ títí ọmọ yóò fi mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.